Mò ń lọ wo Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ní Dakar: ṣé láìnì Kútọnu mi á ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

Tíṣà Ajárá:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Àgbádárìgì. Ó ti pẹ́ tí èmi àti olùkọ́ méjì mìíràn ti ń dá owó jọ ká lè lọ wo ìdíje Òlíńpíìkì àwọn ọ̀dọ́ ní Dakar, èyí tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, tí yóò sì parí ní ọjọ́ 13 oṣù Kọkànlá ọdún 2026. Ọdún 2022 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, àrùn kòrónà ló jẹ́ kí wọ́n sún un síwájú. Ilẹ̀ Áfíríkà kò gbàlejò ìdíje Òlíńpíìkì kankan rí ṣáájú èyí. Sẹ̀nẹ̀gàl sì nìyẹn, tí ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà láti wọ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n ni n ó ti wò ó.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ dátà fi ń jẹ mí lọ́kàn ni pé mo ti ṣèlérí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé lálaalẹ́ ni n ó máa fi fídíò ohun tí mo bá rí ránṣẹ́ sí WhatsApp kíláàsì. Ẹgbẹ́ wọn ni àwọn tó ń díje yẹn. Iye ọmọbìnrin tí yóò díje yóò sì bá ti ọmọkùnrin dọ́gba. Ọmọbìnrin kan wà nínú kíláàsì mi tó mọ eré sá gan-an, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ń sọ pé eré sísá kò lè jẹ́ iṣẹ́ fún obìnrin. Mo fẹ́ kí òun àti bàbá rẹ̀ jọ rí àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí pápá. Àwọn kan tún ń ti Gbẹ̀rẹ̀fú wá, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ láràárọ̀. Ìdíje ọkọ̀ wíwà ní etíkun wà nínú ètò Dakar, àwọn yẹn gbọ́dọ̀ rí i.

Ibi mẹ́ta ni eré náà pín sí: ìlú Dakar fúnra rẹ̀, Diamniadio, àti Saly ní etí òkun. A ó máa rìn láàárín wọn.

Ìbéèrè mi nìyí. Mo ní láìnì Kútọnu kan tí mo fi ń bá àbúrò ìyá mi tó wà ní Àjàṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní níwọ̀n bó ti jẹ́ pé owó sẹ́fà kan náà ni Bẹ̀nẹ̀ àti Sẹ̀nẹ̀gàl ń ná, pé láìnì náà á ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu. Ẹlòmíràn ní kí n fi láìnì Nàìjíríà mi ṣe roaming, ìyẹn ni pé kó máa lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú tí mo bá wà. Àbúrò mi ní eSIM ni kí n rà, láìnì tí wọ́n ń gbé wọ inú fóònù láìsí káàdì síìmù. Èwo ni ká ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Kútọnu la ti máa wọ bàálù, ká yà ní Lomé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá ti rìnrìn àjò lọ wo eré rí ni mo fẹ́ kó dá mi lóhùn.


Ọmọ Tọpọ̀:

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́, Àǹtí Tíṣà. eSIM ni o!

Mo lọ sí Mòrókò fún ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní ìparí ọdún 2025. Ìlú Fez ni Super Eagles ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n Casablanca ni bàálù já wa sí. Mo ti ra eSIM lórí áàpù Airalo láti ilé. Kí n tó gba ẹrù mi pàápàá, dátà ti ń wọlé, òun ni mo fi wo àkókò tí ọkọ̀ ojú irin máa gbéra. Ẹ ó fi káàdì báǹkì sanwó, wọ́n á fi àmì kan ránṣẹ́ tí ẹ máa fi kámẹ́rà fóònù kà, ó parí. Ẹ ò ní tò sórí ìlà kankan, ẹ ò ní wá ẹni tó gbọ́ èdè yín.

Alẹ́ tí Nàìjíríà na Tùnísíà 3-2, iná ti lọ ní Tọpọ̀. Èmi ni mo ń kọ ọ́ sórí WhatsApp àdúgbò bó ṣe ń lọ, láti ìgbà tí a ti jẹ mẹ́ta sí òdo títí wọ́n fi dá méjì padà tí àyà gbogbo wa sì ń já. Ìsọfúnni kan kò pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Torí náà láìnì Kútọnu yẹn, ẹ fi sílẹ̀ sílé.


Bàbá Ṣẹ́gun Àrádàgún:

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ dá yín lóhùn, torí iṣẹ́ fóònù ni mò ń ṣe jẹun, n kì í sì í jókòó sílé bí Super Eagles bá ń gbá bọ́ọ̀lù níbi tí ọkọ̀ ilẹ̀ lè gbé mi dé. Ní ọdún 2024 a fi ọkọ̀ lọ sí Abidjan fún ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Hilla-Condji, Lomé, Aflao, Accra, Elubo, ká tó wọ Noé. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni ìyẹn lẹ́yìn tiwa, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń yí padà bí ọkọ̀ ṣe ń lọ.

Fóònù kò mọ ààlà bí àwọn aṣọ́bodè ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tó ń gbé lápá Sẹ̀mẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ lè wà nínú yàrá yín ní ilẹ̀ Nàìjíríà kí fóònù fò lọ mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bẹ̀nẹ̀, torí òpó tiwọn ló sún mọ́ yín jù. Bí ẹ bá tan data roaming sílẹ̀, owó roaming ni wọ́n á máa yọ, ẹ ò sì tíì wọ bàtà ìrìn àjò. Kí ẹ tó kúrò ní Àgbádárìgì ni kẹ́ ẹ ti pa á. Ní Sẹ̀mẹ̀, kí ẹ má jẹ́ kí fóònù fúnra rẹ̀ yan nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ó yá, láìnì Kútọnu. Owó sẹ́fà kan náà kò sọ láìnì di ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ tó ni láìnì àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. MTN àti Moov wà ní Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò sí ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Orange, Yas (òun ni wọ́n ń pè ní Free tẹ́lẹ̀) àti Expresso ni ẹ ó bá níbẹ̀. Torí náà bí láìnì Kútọnu bá dé Dakar, àlejò ni, roaming náà ni wọ́n á ka ohunkóhun tí ẹ bá fi ṣe sí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ka ti Nàìjíríà. Iṣẹ́ tó lè ṣe fún yín kò kọjá láti Sẹ̀mẹ̀ dé pápákọ̀ òfuurufú Kútọnu. Fún ìyẹn, ẹ mú un dání. Ẹ sì yẹ nọ́ńbà àwọn ará Àjàṣẹ́ wò nínú fóònù yín: láti ìparí oṣù Kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà Bẹ̀nẹ̀ ti di oní-10, wọ́n fi 01 síwájú ti tẹ́lẹ̀. Bí ti àtijọ́ bá ṣì wà níbẹ̀, ìpè yín kò ní wọlé.

Láìnì Nàìjíríà, ẹ má yọ ọ́ kúrò nínú fóònù o. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ibí yìí ni ìyà ti ń jẹ àwọn èèyàn wa jù. Ẹnì kan nínú ọkọ̀ wa yọ láìnì rẹ̀ ní Lomé kó lè fi ti Tógò sí i, ó fi bébà wé e, bébà náà sì sọnù. Nígbà tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti inú áàpù báǹkì rẹ̀ ní Accra, nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ kò ríbi gbà wọlé. Owó wà nínú àkáǹtì, kò sì lè fọwọ́ kàn án títí a fi padà sílé. Ọwọ́ wa ló ń wò.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é nìyí. Kí ẹ tó gbéra, ẹ ní kí ilé-iṣẹ́ láìnì yín ṣí roaming fún un, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí ìpè tó wọlé àti àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé. Ẹ fi kírẹ́díìtì díẹ̀ sí i. Ẹ ṣí áàpù báǹkì yín sórí fóònù tí ẹ máa gbé lọ, kí ẹ fi owó kékeré ránṣẹ́ láti inú rẹ̀ níbí, kẹ́ ẹ lè rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí láìnì náà wà ní títàn, kí dátà rẹ̀ wà ní pípa. Àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì á máa wọlé, dátà kò ní jẹ owó yín.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń fara pa mọ́. Fóònù oníláìnì méjì sábà máa ń ní ibì kan nínú ètò rẹ̀ tó gbà á láyè láti sá lọ sórí dátà láìnì kejì bí ti àkọ́kọ́ bá rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ wá a, ẹ pa á. Bí ẹ ò bá pa á, ẹ lè ti ra dátà Sẹ̀nẹ̀gàl kí fóònù sì tún máa fi kírẹ́díìtì Nàìjíríà ṣí fídíò.

WhatsApp ńkọ́? Ó máa bi yín bóyá ẹ fẹ́ yí nọ́ńbà padà nígbà tó bá rí láìnì tuntun. Ẹ ní rárá. Nọ́ńbà Nàìjíríà yín ni yóò máa lò, dátà ibikíbi ló sì lè gbé e. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín kò ní mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ láìnì.

Ọ̀rọ̀ Ọmọ Tọpọ̀ nípa eSIM dára, ọmọ tó mọ nǹkan ni. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ló yẹ kẹ́ ẹ fi kún un. Èkínní, kì í ṣe gbogbo fóònù ló gbà á. Ẹ tẹ *#06#. Bí ẹ bá rí ìlà kan tí wọ́n kọ EID sí, fóònù yín gbà á. Bí kò bá sí EID, ẹ má náwó sí i. Ọ̀pọ̀ Tecno, Infinix àti itel tó ń dé ọ̀dọ̀ mi níbí ni kò ní in. Èkejì, ọ̀pọ̀ eSIM àwọn arìnrìn àjò jẹ́ dátà nìkan, kò ní nọ́ńbà tí ẹ lè fi pe awakọ̀ takisí tàbí ilé ìtura. Ní Dakar, Wave àti Orange Money ni ogunlọ́gọ̀ èèyàn fi ń sanwó nǹkan, nọ́ńbà fóònù ni wọ́n sì so méjèèjì mọ́. Nítorí náà, bí fóònù bá gba láìnì ibẹ̀, òun ni èmi á rà. Ìwé ìrìnnà yín ni wọ́n á fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó tà á fún yín, ẹ ní kó pè yín lórí rẹ̀, ẹ fi ṣí ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Pápákọ̀ òfuurufú Blaise Diagne jìnnà sí ìgboro Dakar, ó lé ní kìlómítà 40. Ẹ ò ní fẹ́ ti ìgboro padà síbẹ̀ nítorí láìnì tí kò mú dátà.

Ẹ wá gbọ́ èyí, torí òun gan-an ló máa kan ìlérí tí ẹ ṣe fún àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, mo wà ní pápá ìṣeré Ebimpé ní Abidjan, níbi tí wọ́n ti gbá àṣekágbá. Pápá oníjókòó bíi 60,000 ni. Troost-Ekong fi orí gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa, gbogbo wa gbé fóònù sókè. Àmì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kún, 4G ló sì kọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n fídíò kankan kò lọ. Láìnì àwọn ará ibẹ̀ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà kò lọ.

Àmì tó kún yẹn ń sọ fún yín pé ẹ sún mọ́ òpó. Kò sọ fún yín pé àyè wà lórí òpó náà. Ẹ rántí Agbálàtà lọ́jọ́ ọjà: ẹ lè dúró sí ẹnu ọ̀nà gan-an, kí ẹ má sì rí ibi gbé ẹsẹ̀ sí. Gbogbo èèyàn tó wà ní pápá ló ń pín òpó kan náà lò, fídíò ló sì ń gba àyè jù, pàápàá èyí tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ jáde, torí àyè tí òpó ń yà sọ́tọ̀ fún ohun tó ń jáde kéré sí ti ohun tó ń wọlé. Iye owó tí ẹ san lórí dátà kò lè yí ìyẹn padà.

Pápá ìṣeré Abdoulaye Wade ní Diamniadio gba 50,000 èèyàn. Ọjọ́ tó bá kún, ẹ ya fídíò, ẹ má gbìyànjú àtifi ránṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá dé ilé ìtura. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ kánjúkánjú, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ránṣẹ́, èyí tí kì í lo dátà. Ó máa ń rí ibi gbà nígbà tí WhatsApp kò bá rí. Tíkẹ́ẹ̀tì yín, ẹ ṣí i kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú áàpù tí yóò fi hàn láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwọn tíkẹ́ẹ̀tì kan wà tí àmì wọn ń yí padà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, wọn kì í gba àwòrán ojú fóònù ní ẹnu ọ̀nà, torí náà ẹ ka ohun tí wọ́n bá kọ sí i dáadáa. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbọ́dọ̀ mú ibì kan tí ẹ ó ti pàdé lẹ́yìn eré kí ẹ tó wọlé, ibì kan tí ẹ ti fojú rí.

Ẹ mú bébà dání pẹ̀lú. Mi ò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 kan náà, ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl ìgbà yẹn ní kí wọ́n pa dátà fóònù nígbà wàhálà ìdìbò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, àwọn wáyà ńlá tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, ó kan ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ní apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, a mọ̀ ọ́n lára níbí náà. Ẹ kọ orúkọ ilé ìtura, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀, nọ́ńbà ara yín àti ti ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Dakar sínú bébà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀.

Máàpù Dakar, Diamniadio àti Saly, ẹ gbà wọ́n sílẹ̀ lórí Google Maps láti ilé. Èdè Faransé náà, ẹ gbà á sílẹ̀ lórí Google Translate.

Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó sọ èyí tó kù: irú fóònù wo ni ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò?


Ìyá Ìbejì Ìbèrèkò:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba èmi náà láyè, mo ní ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ bóyá tiyín ni. Dátà tí gbogbo yín ń sọ, ti ẹni tó ń fi ránṣẹ́ ni. Ti àwa tó ń gbà á ńkọ́? Fóònù kan ni èmi àti àwọn ọmọ mi jọ ń lò. Bí fídíò ńláńlá bá wọlé lálaalẹ́, dátà tí mo fi ń gba ìbéèrè ọjà ló máa jẹ. Ẹ má bínú o, inú mi dùn sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún àwọn ọmọ, pàápàá ọmọbìnrin yẹn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí bàbá rẹ̀ rí i.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí fídíò má ju ẹyọ kan lọ lálẹ́, kó má gùn, kí ẹ sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síwájú kí òbí mọ èyí tó máa ṣí. Aago tiwọn fi wákàtí kan wà lẹ́yìn tiwa. Bí ẹ bá dúró di aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Dakar, aago mẹ́wàá ti lù níbí, ọmọ tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ kejì ti sùn. Bí ẹ bá lè fi ránṣẹ́ ṣáájú aago méje tiwọn, á bá wa lójúfò.


Tíṣà Ajárá:

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Fídíò kan lálẹ́ ni, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Bí eré kan bá pẹ́, ti àná ni n ó fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì.

Bàbá Ṣẹ́gun, iPhone 14 ni mò ń lò, ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Láìnì Nàìjíríà mi wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí eSIM. Láìnì Kútọnu wà nínú fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì. Olùkọ́ kejì ń lo Tecno, olùkọ́ kẹta ń lo Samsung A kan tó ti pẹ́ díẹ̀. Mo ti tẹ *#06# lórí àwọn méjèèjì, kò sí EID.


Bàbá Ṣẹ́gun Àrádàgún:

Ó dáa tí mo béèrè. iPhone 14 tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò ní ihò tí wọ́n ń ki síìmù sí rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó tẹ̀lé e. Láìnì tí ẹ bá rà ní pápákọ̀ òfuurufú, tó bá jẹ́ káàdì síìmù ẹlẹ́yọ, kò ní ríbi wọ̀ nínú fóònù yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í mọ̀ títí wọ́n á fi dé ọ̀hún.

Nítorí náà, ẹ pín in báyìí. Ẹ̀yin fúnra yín, Tíṣà, ẹ ra eSIM Sẹ̀nẹ̀gàl láti ilé bí Ọmọ Tọpọ̀ ṣe wí. iPhone yín lè tan eSIM méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ti Nàìjíríà fún báǹkì, èkejì fún dátà. Ẹ lọ sí Settings, General, About, kí ẹ wo iwájú Carrier Lock, ibẹ̀ ló ń sọ bóyá fóònù náà gba láìnì ilé-iṣẹ́ èyíkéyìí. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni No SIM restrictions. Bí láìnì Nàìjíríà ti ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ó yẹ kó ti ṣí, ṣùgbọ́n ẹ wò ó kí ẹ tó sanwó.

Olùkọ́ tó ní Tecno ni kó ra láìnì Orange tàbí Yas tó ní nọ́ńbà, kó fi sínú ihò kejì. Òun ni yóò máa pe awakọ̀ àti ilé ìtura. Òun náà ni kó máa ṣí hotspot fún Samsung. Bí eSIM yín bá tán lójijì, ẹ̀yin náà á rí ibi sá sí. Ẹ má jẹ́ kí ó máa ṣí i láti àárọ̀ dálẹ́ o, hotspot máa ń mu bátìrì púpọ̀, fóònù á sì gbóná. Páwà báǹkì oní-20,000 mAh tó fún ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, wọn kì í gbà á nínú ẹrù tó ń lọ sísàlẹ̀ bàálù. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ méjì róbótó, irú ti Kútọnu, ni wọ́n ń lò ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Ẹ rà á ní Agbálàtà, ó wà níbẹ̀ dáadáa.

Ti fídíò: ẹ lọ sí ètò kámẹ́rà yín, kí ẹ gbé e sí 1080p, 30 fps. Ìṣẹ́jú kan rẹ̀ jẹ́ bíi 60 MB lórí iPhone. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní 4K, ìṣẹ́jú kan náà á di bíi 170 MB. WhatsApp á tún dín in kù kó tó lọ, tí ẹ kò bá tẹ HD, ìyẹn á ran Ìyá Ìbejì lọ́wọ́. Ẹ gé fídíò sí ibi tó ṣe pàtàkì kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ibi tí ọmọ náà ti fò kọjá igi, àbí tí ó ti kọjá ìlà, ìṣẹ́jú àáyá 30 tó. Ẹ sì pa iCloud fún àwòrán, torí bí ẹ bá ti ya nǹkan púpọ̀ lọ́sàn-án, òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn lọ sókè pẹ̀lú dátà yín, ẹ ò ní mọ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró de Wi-Fi.


Ọmọ Tọpọ̀:

Bàbá, ẹ ṣeun, mi ò mọ̀ nípa ihò síìmù yẹn rárá.

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ti eSIM. Orí Wi-Fi ilé ni kẹ́ ẹ ti gbé e wọ fóònù, kí ẹ tó dé Sẹ̀mẹ̀. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ ìgbà tí ọjọ́ rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tó bá mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìlú náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ kíkà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Bí ẹ bá máa yà ní Lomé, Sẹ̀nẹ̀gàl nìkan ni èyí tí ẹ rà fún Sẹ̀nẹ̀gàl, kò ní ṣí ní Tógò. Wi-Fi pápákọ̀ ni ẹ ó lò níbẹ̀, tàbí ẹ ra èyí tó kó ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà pọ̀, owó rẹ̀ ló wọ́n jù. Ohun tó ṣe pàtàkì jù: tí kò bá kọ́kọ́ mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ má pa á rẹ́ kúrò nínú fóònù. Èyí tí ẹ bá pa rẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣeé gbé wọlé mọ́, ẹ ó tún rà tuntun. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ ti tan data roaming fún eSIM náà. Ti Nàìjíríà ni kó wà ní pípa, ti eSIM ní láti wà ní títàn. Èyí ló máa ń rú àwọn èèyàn lójú.


Bàbá Ṣẹ́gun Àrádàgún:

Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Ẹ fún láìnì kọ̀ọ̀kan lórúkọ nínú fóònù, "Ilé" àti "Dakar", kó má baà dàrú mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń tan ọ̀kan tí ẹ ń pa èkejì.


Tíṣà Ajárá:

Mo ti ṣe é báyìí, "Ilé" ti wà níbẹ̀. Carrier Lock náà, No SIM restrictions ló kọ síbẹ̀.

Bàbá Ṣẹ́gun, Sátidé yìí la ó gbé Tecno àti Samsung wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, kẹ́ ẹ bá wa wo ibi tí wọ́n ti ń sá lọ sórí dátà láìnì kejì, torí mo wá a lórí Samsung, n kò rí i. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi bóyá aago mẹ́fà ààbọ̀ tiwọn dára fún yín. N ó fi í síwájú àwọn òbí yòókù ní ìpàdé wa, kí gbogbo wa fẹnu kò sí aago kan.


Ìyá Ìbejì Ìbèrèkò:

Aago méje ààbọ̀ tiwa nìyẹn. Ó dára gan-an, a ti jẹun tán, a ò sì tíì sùn.